Ọjọ́ Tí Ẹ Wá Ṣe Àìkí

Abà Fádèyí,
Ọ̀nà Akanran.

Ṣeunfúnmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlájídé ọkọ rẹ ńkọ́? Gift, Àwẹ̀ró mi ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ejò bù yín jẹ nínú igbó lọ́jọ́ Sátidé, kò ní jẹ́ kí ẹ ko ibi nígboro. Àmín.

Ìwé ni mo ń kọ nítorí o ò gbé fóònù mi mọ́. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, á ní o ò sí nítòsí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi pè ọ́ nílé ìdáná, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ ni, kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọmọ mi, etí ló tàn mí jẹ. Nígbà tí o pè mí, ẹ̀rọ gàrí ń kùn lẹ́yìnkùlé Ìyá Àyàndùnní, aládùúgbò wa. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe àìkí níbi omi tó ń já láti orí àpáta lẹ́yìn oko wa. O ní ó rọrùn, o ní tọmọdé tàgbà ló lè ṣe é, o ní Gift náà á ṣe é. Mo ní háà, àìkí kẹ̀! Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ kí o tó mọ ìrìn í rìn! Mo fẹ́ fèsì, owó tán nínú fóònù rẹ.

Ìyá Àyàndùnní ló pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní nílé ọkọ àwọn, ẹni tó bá lọ pọn omi òrìṣà láàárọ̀ kì í kí èèyàn, èèyàn kì í sì í kí i, torí bó bá lanu pẹ́nrẹ́n, omi bàjẹ́ nìyẹn. Mo wá rò ó pé bóyá ẹ̀jẹ́ ni ẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, pé ẹ fẹ́ lọ gbàdúrà létí omi. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti ń wá ojú Olúwa. Mo kìlọ̀ káàkiri abà pé kí ẹnikẹ́ni má kí yín o, kí ẹ̀jẹ́ yín má baà bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi yadi lójijì. Lìádì ẹlẹ́kọ tí kì í dákẹ́ bó ń sùn, odidi ẹ̀kọ kan ló kì bọ ẹnu. Àwa sì rí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí egungun yín le, ẹ ń tẹ ọ̀pá. Ẹ pọn omi sẹ́yìn bí ọmọ, ẹ ń gbé e lọ sódò! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Ọkùnrin tó ṣáájú yín gbé fóònù dání, obìnrin kan náà yẹn ló wà nínú rẹ̀, ó ní kẹ́ ẹ yà sósì, ẹ sì yà sínú ẹ̀gẹ́ mi. Àwa tí wọ́n bí létí odò náà ò lè la ẹnu sọ pé ọ̀tún ni.

Gift wá rí mi. Ó ń sáré bọ̀, ó ń pe Màmá àgbà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ nígbà tó bú sẹ́kún. Ìwọ náà dúró, o wò mí, mo ń juwọ́ sí ọ pé kí o máa lọ, kí ẹ̀jẹ́ yín má bàjẹ́. O fà á lọ́wọ́, ẹ lọ. Mo ti se àgbàdo sílẹ̀, mo rò pé bí ẹ bá ti odò dé, ẹ̀jẹ́ á ti parí, a ó wá kíra. Ọ̀nà ibòmíì lẹ gbà padà. Mo jókòó ti ìkòkò náà títí ó fi tutù.

Ọlọ́runyọmí ọlọ́kadà ló sọ fún mi pé ọkọ rẹ ní o sunkún délé, o ní mo ń bínú torí ẹ ò wá lọ́dún Àjíǹde. Ó wá là mí lóye pé háìkì ni ẹ ṣe, pé háìkì ni kéèyàn máa rìn nínú igbó láìlọ oko, láìlọ ọjà, láìru nǹkan kan, kó sì sanwó fún ẹni tó ń mú un rìn. Mo ní kó tún un sọ. Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá, ẹkún ló kù. Ká sòótọ́, ó dùn mí pé ẹ ò wá lọ́dún, ṣùgbọ́n kò dùn mí débi tí n óò fi kẹ̀yìn sí ọmọ ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ fi omi sílẹ̀, omi wà lódò. Owó tí ẹ fún ọkùnrin onífóònù yẹn, èmi ni kẹ́ ẹ fún lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní mú yín gba inú ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ níbẹ̀ kí n fi ra òróró ìpara, kí orúnkún yìí lè gbé mi ṣáájú yín. Ẹ má fi sí báńkì o, báńkì kì í gba abà wa kọjá. Ọlọ́runyọmí ni kẹ́ ẹ fún.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ẹsẹ̀ yín ò ní gbọ̀nà òfò. Ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Bá mi ka èyí sí Gift létí, torí láti ọjọ́ yẹn ló ti há mi lọ́fun. Àwẹ̀ró mi, pẹ̀lẹ́ o. O kú ìrìn. O kú oòrùn. O kú ewu odò. Màmá àgbà rí ọ, Àwẹ̀ró. Màmá àgbà kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùnní, tí ń kí yín.