Mo Fi Ìdí Wọ́ Dé Inú Òkun

Ìyáàfin Raoudha orí rédíò, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Moncef ọkọ mi mú mi lọ lo ìsinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní ìlú etíkun Hammamet. Àtẹ̀gùn gígùn kan ló wà láàárín kẹ̀kẹ́ arọ mi àti òkun. Máníjà ní, "Màdámù, ẹ máa wò ó láti ibí."

Ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn náà lójú gbogbo àlejò.

Máníjà pariwo, "Ẹ ń dójú tì wá!"

Mo ní, "Kí ojú ti ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn yìí láìrántí arọ!"

Mo lúwẹ̀ẹ́ tẹ́rùn.

Látìgbà náà, Moncef ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní àfi kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ máníjà. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni mo ṣe tó burú? Ẹ tètè fèsì o, mo tún ti gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì náà fún oṣù tó ń bọ̀.