Bátìrì Inú Ìsọ̀ Tí Màmá Tì Pa

Bàbá mi àtàtà,

Inú ìsọ̀ yín ní Ṣakí ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Òórùn áásìdì ò tíì kúrò lára ògiri. Nígbà míì, ó máa ń dà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ṣe àlùwàlá ni.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Màmá ti ìsọ̀ pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní bátìrì àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tí kò sí iná nínú wọn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bátìrì tó bá ti rẹ̀, tí a kò tètè ṣáàjì ẹ̀, nǹkan funfun á bo òjé inú rẹ̀, á sì le débi pé iná ò ní ráyè wọlé mọ́.

Màmá ní, "Ọwọ́ bàbá ẹ ló kàn wọ́n kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Agbẹ̀bí kan láti Okaka ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Bátìrì tó fi ń tan iná ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ó jókòó ti Màmá.

"Ìyá, àtùpà ni mo fi ń gbẹ̀bí báyìí. Èyí tó kọjá, mi ò tètè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ọlọ́run ló yọ ìyá ọmọ náà."

Màmá na ọwọ́ sí etí ìró rẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi.

Bàbá, ẹ̀ bá rí wọn. Omi ti fà, òjé ti funfun bí ẹfun. Mo bu omi bátìrì sí ti agbẹ̀bí, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo sì yí iná ṣájà sókè pátápátá nítorí ìkánjú. Mo jáde lọ kírun. Nígbà tí mo padà dé, iná ṣájà ti lọ sílẹ̀, dé ibi tí ẹ máa ń fi í sí fún bátìrì tó bá ń ṣàìsàn. Agbẹ̀bí ti lọ. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, kò wọlé rárá. Ṣé ẹ̀yin ni? Àbí èmi ni mo yí i tí n kò mọ̀? Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ bí bátìrì ṣe ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó jí. Kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń tan iná l'Ókaka. Ti ọkùnrin tó ń fi katakata ro oko ò jí, àwọn yòókù náà ò jí. Ojú tì mí bí mo ṣe ń dá wọn padà.

Ní báyìí, mi ò jẹ́ kí ọ̀kankan sùn lófo. Mo ń yẹ omi wọn wò, mo ń bù sí i kí òjé má baà yọrí. Àwọn ará Ijio tí kò gbọ́ ikú yín ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Bàbá Oníbátìrì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó yẹ kí n sọ fún wọn.

Lánàá, kí n tó lanu, Màmá ti dá wọn lóhùn láti inú ilé: "Ó ń bọ̀."

Èmi náà sì gbójú sókè, mo ń wo ọ̀nà.

Èmi tí àárò yín ń sọ,
Ọmọ yín obìnrin.