Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Rẹ Ṣì Ń Ké, Eleuterio

Ọdún kan rèé tí o lọ, Eleuterio.

Àwọn tó ń kọ irú ìwé ìrántí báyìí máa ń sọ pé ẹni wọn sùn, pé ó lọ sinmi. O ò sùn o. Hóòsì tí iyanrìn ń gbà kọjá ló nà ọ́ pa ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ ọkọ̀ ìpẹja Bàbá Abundio, ó sì ṣojú gbogbo wa. Bí mo bá kọ nǹkan mìíràn sí ara ògiri ibojì tí wọ́n tẹ́ ọ sí nínú rẹ̀ yẹn, irọ́ ni mo pa.

Ọdún kan! Inú ṣì ń bí mi sí ọ.

O ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá tí a fi ń fẹ́ iyanrìn sára ọkọ̀, o ń yọ̀ kiri etí omi Navotas bí ẹni tó bí ìbejì. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò lágbára. Bí a bá ti lò ó díẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, iyanrìn á máa jáde bí itọ́ arúgbó. O ní tuntun yìí yóò bó ìpẹtà lára ọkọ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kù, ti àtijọ́ lo fi sílẹ̀. Ìkòkò irin tí a ń rọ iyanrìn sí, ti àtijọ́. Ẹnu irin tí iyanrìn ń gbà jáde, ti àtijọ́. Hóòsì tín-ín-rín yẹn, ti àtijọ́, o sì fi wáyà de oríkèé irin tó so ó pọ̀ láàárín. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré kò lè tì wọ́n dé ibi tí wọ́n á ti já. Ẹ̀rọ ńlá tì wọ́n débẹ̀.

Nígbà tí iyanrìn kò le tó bí o ṣe rò, o yí afẹ́fẹ́ sókè dé òpin. Hóòsì ló há, o rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ọ̀lẹ. Irin ìtẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu hóòsì ńkọ́? Irin tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti jù ú sílẹ̀ ni gbogbo nǹkan á dúró, o fi rọ́bà tiúbù alùpùpù so ó mọ́lẹ̀. O ní ọwọ́ ń ro ọ́. Gbogbo ọkùnrin etí omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin etí omi kọ́ ni ọkọ mi!

Oríkèé já lẹ́yìn rẹ. Hóòsì fò sókè, ó ń lu ilẹ̀, ó ń lu ara ọkọ̀, ó ń lu pákó tí o dúró lé, ó ń pọ iyanrìn dúdú sójú gbogbo wa. O ju ẹnu irin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tiúbù kò jù ú sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó dákẹ́ kò dákẹ́. Orí irin rẹ̀ bà ọ́ lọ́rùn, ó lọ, ó tún padà wá bà ọ́. Dencio àbúrò rẹ sáré wọ àárín rẹ̀ láti lọ ti ìkòkò pa, hóòsì já ìka méjì dànù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kí ariwo tó dá, o ti lọ. Iyanrìn ti bó ẹ̀yìn rẹ bí ó ṣe ń bó irin.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Kò sí ìsinmi nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí a sin ọ́, Dencio gbé òòlù ńlá wá síbi ẹ̀rọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ lára báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Mo lọ dúró níwájú ẹ̀rọ.

"Kúrò níbẹ̀, ìyàwó wa! Màá fọ́ apànìyàn yìí lónìí!"

"Òun kọ́ ló pa á."

"Ta wá ni? Èmi ni?"

"Wáyà ni. Rọ́bà tiúbù ni. Agídí ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Ó là òòlù náà mọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ̀ wọnú. Mo gbá a létí. Ó gbá mi padà. A wọ̀yá ìjà nínú ẹrẹ̀ títí Minda ọmọ wa fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, tó dà á lé wa lórí bí ẹni ń la ajá níjà.

"Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Sìmẹ́ǹtì ibojì Bàbá ò tíì gbẹ!"

Inú ẹrẹ̀ yẹn ni mo ti búra. Wọ́n ní bó bá pé ọdún kan, kí opó bọ́ aṣọ dúdú. Mo ní èmi ò ní bọ́ tèmi, àfi bí ẹ̀rọ yìí bá bó ọkọ̀ Abundio tí o ń bó lọ́wọ́ tán, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, a jẹ́ pé o kú lásán nìyẹn. Mi ò gbà.

Mo lọ bá àwọn tó ń bó ọkọ̀ ńlá ní òdìkejì odò. Wọ́n ń jẹ lúgáò, ẹ̀kọ ìrẹsì, lọ́wọ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ọkọ lẹ̀ ń wá ni àbí hóòsì?" Mo ní, "Ọkọ mi ti kú. Hóòsì ni mo ń wá." Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ẹnu irin á ṣe fẹ̀ tó. Inú hóòsì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ihò náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán. Páìpù abẹ́ ìkòkò kò gbọ́dọ̀ há ju hóòsì lọ. Gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ lè gba agbára ẹ̀rọ náà sára. Kí wọ́n tó jẹ lúgáò tán ni wọ́n ti sọ ọ́ tán. O lè ti lọ bèèrè, Eleuterio! Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbéni débẹ̀!

Ohun tí a lò báyìí nìyí: ìkòkò tuntun, ẹnu irin tó fẹ̀, hóòsì tó tóbi tó apá mi. Kò sí wáyà mọ́. Pín-ìnnì irin tí kì í jẹ́ kó tú ló wà ní gbogbo oríkèé, okùn irin sì tún dì í mú lápá méjèèjì. Hóòsì àtijọ́ ni mo fi àdá gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo gé e títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, mo sì ń bú u bí ẹni ń bú orogún.

Minda ló ń dúró ti ìkòkò. Mo ní kó má ṣe é, ó ní òun á ṣe é. Ọmọ rẹ ni, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Dencio padà wá nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, èmi náà ò bẹ̀bẹ̀. Òun ló ń di ẹnu hóòsì mú. Lọ́jọ́ kan mo gòkè lọ bá a lórí pákó, mo rí rọ́bà tiúbù lára irin ìtẹ̀. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e. Mo sì fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi nà án lójú.

"Ìka mi ò pé, ìyàwó wa! Ọ̀tún mi ò ká a!"

"Òsì rẹ ńkọ́?"

"Mi ò mọ òsì lò!"

"Ṣé o mọ ọ̀tún lò lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ ni?"

Ó jókòó sórí pákó, ó sunkún bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì a yí irin náà sí apá òsì.

Àárọ̀ yìí tó pé ọdún, abẹ́ ọkọ̀ nìkan ló kù. Núdù pánsìt ti wà lórí iná, àbẹ́là ti wà nínú àpò mi. Abundio ń pariwo pè mí pé, "Salud! Ọkọ̀ mi ń wọ omi lọ́la o! Ṣé ẹ̀ ń bó o ni àbí ẹ̀ ń fọwọ́ pa á lára?" Minda ṣí ẹ̀rọ. Ó ké. Iyanrìn ń ya ìpẹtà bọ́ lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀. Ibi tí irin ti jẹrà wá fà ya, irin ńlá kan já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀, ó balẹ̀ sórí oríkèé tó wà lẹ́yìn Dencio gan-an. Oríkèé fọ́.

Hóòsì gbé orí sókè. Mo rí i. Bó ṣe gbé e lọ́dún tó kọjá ló ṣe gbé e.

Okùn irin fà á padà. Ó ta pọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òsì Dencio ti ju irin ìtẹ̀ sílẹ̀. Ibi gbogbo dákẹ́. Mi ò tíì pe orúkọ rẹ tán lẹ́nu tí ibi gbogbo ti dákẹ́. Hóòsì wà nílẹ̀ bí ìfun ẹran, ọwọ́ Minda sì ti wà lórí ìkòkò.

Dencio gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Mẹ́jọ! Ìyàwó wa, mẹ́jọ náà ló ṣì kù!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bì. Abundio jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wo ihò abẹ́ ọkọ̀ tó ní yóò wọ omi lọ́la.

A pààrọ̀ oríkèé, a bó ọkọ̀ náà tán kí oòrùn tó wọ̀. A wá gbé pánsìt wá bá ọ, a tan àbẹ́là. Minda bá mi bọ́ aṣọ dúdú náà níwájú rẹ. Iyanrìn ti jẹ etí aṣọ náà wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Aṣọ ni mo bọ́ o, mi ò bọ́ ìwọ.

A ṣì ń wá ọ. Nígbà tí ariwo dá láàárọ̀ yìí, gbogbo wa ló yíjú sí ibi tí o máa ń dúró sí. O ò sí níbẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, alágídí. Ọwọ́ ì bá máa ro ọ́ títí di òní, kí n máa fi omi gbígbóná jó o fún ọ.

Salud, ìyàwó rẹ, pẹ̀lú Minda àti Dencio.