Omi Tí Mo Dà Sórí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn yín há. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ ṣáà pè mí ní Ìyá Halelúyà, nítorí orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ìyá ọkọ mi sọ mí nìyẹn.

Onídìrí ni mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń fọ irun ìyá yìí ní ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ ti hó bo orí wọn, ni wọ́n bá gbá ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, Jésù tí ò ń pariwo rẹ̀ yìí, ṣé ó lè gba irú èmi?"

Mo ní, "Ó ti ń retí yín, mà. Ẹ jẹ́ ká dúró de pásítọ̀."

"Ṣé omi pásítọ̀ yàtọ̀ sí èyí ni?"

Orí mi wú. Mo bu omi, mo dà á sí wọn lórí lórúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tó ti ń ṣòfófó láti àárọ̀ tiẹ̀ kúnlẹ̀ tòun ti rólà lórí.

Ọkọ mi ní mo gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Pásítọ̀ ní ká tún ìrìbọmi náà ṣe. Ìyá ní, "Mo ti wọlé, mo ti jókòó ti Baba. Ẹ fẹ́ kí n jáde kí ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọkọ mi àti pásítọ̀ ní kí n bá àwọn bẹ ìyá kí wọ́n gbà ká tún un ṣe. Ta ni mo jẹ́, tí n ó fi ní kí ìyá jáde?