Àwọn Àlejò Tó Wá Wo Ìbàdí Mi

Agasha ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ẹkún tí o sun lórí fóònù lánàá. Kí yìnyín má sán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí egungun rẹ má kán, kí Ọlọ́run fún ọ ní oúnjẹ, kí àwọn ará Mọsíkò sì gbà kí o jẹ ẹ́. Àlàáfíà ni a wà ní Sosnovka. Màlúù ti bí, akọ ni. Ìyá àgbà rẹ ṣì ń sùn lórí ààrò ńlá tó ń mú ilé móoru láti àárọ̀ di alẹ́, Kapitolina aládùúgbò wa sì ń yọjú wo ohun tí a ń sè.

O ní ọjọ́ Ẹtì ni olùkọ́ yín yóò sọ bóyá ìwọ ni Rodion yóò máa bá jó lórí yìnyín lọ, tàbí ọmọbìnrin tuntun tí wọ́n mú wá láti Perm, o sì ní èmi ni mo bà á jẹ́. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú tèmi.

Nígbà tí o fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù pé olùkọ́ yín, Rimma Genrikhovna, àti Inessa Lvovna tó bí Rodion ń bọ̀ wá kí mi, kí ni ìyá yóò rò? Ọdún mẹ́jọ ni ọmọkùnrin yẹn ti ń di ọ mú níbàdí lójú gbogbo Rọ́ṣíà. Mo ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá jó tán, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ẹ ó dì mọ́ra yín, ẹ ó máa wòkè bí tọkọtaya tó ń retí ohun tí dókítà yóò sọ, kí àwọn adájọ́ tó gbé máàkì jáde. Mo ní wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù pàápàá.

Mo pa pẹ́pẹ́yẹ, mo yan páì kábéèjì. Nítorí pé àna máa ń wò ó bóyá ebi ń pa ilé, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta léra, mo fi kóòtù òwú lé e. Kapitolina ní, "Ìyá Agasha, ìwọ àti ààrò yín ti di ìbejì." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé a ń jẹun.

Wọ́n dé nínú ọkọ̀ dúdú kan, àwọn méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ tí a fi ń kí àlejò pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Inessa Lvovna já èyí tí adìẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ ṣà, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀. Rimma Genrikhovna kò wo ojú mi rárá. Láti ẹsẹ̀ ló ti ń wò mí bọ̀ lókè, ó yọ fóònù, ó ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ sí òun. Mo rò pé fọ́tò tí wọn yóò fi han àwọn ẹbí ni, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí bí mo ṣe rí nígbà tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Mo ní mo tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tìrẹ gan-an, àfi bí mo ṣe pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí Ọlọ́run bù kún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ rí ìyá àgbà. Inú mi dùn, mo ní ẹni tó bá ń béèrè àgbà, ilé ire ló ti wá. Èmi àti Kapitolina la jọ gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí ààrò. Rimma Genrikhovna wò ó, ó fìdí jókòó.

Ó ní, "Ṣé bí ọmọ yìí náà ṣe máa rí nìyí?"

Mo ní, "Lágbára Ọlọ́run, kò ní dín rárá."

Wọn ò fọwọ́ kan pẹ́pẹ́yẹ. Tíì tí kò ní ṣúgà ni wọ́n mu. Nígbà tí mo béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, Inessa Lvovna ní ìgbéyàwó ta ni.

Lánàá ni ìwọ wá pè, tí o ní, "Ìyá mi, wọn ò wá fẹ́ mi. Ìbàdí yín ni wọ́n wá wò, kí wọ́n lè mọ bí mo ṣe máa tóbi tó."

Agasha, èmi náà ti ra abo màlúù rí, mo sì wo ìyá rẹ̀ kí n tó sanwó, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ ni mo ń wá. Irú èèyàn wo ló ń wá èyí tó gbẹ? O ti sọ fún mi rí pé nínú ijó tiyín, ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbé obìnrin kọjá orí, pé àwọn mìíràn ló ń ṣe ìyẹn. Kí ló wá ń ba Rodion lẹ́rù? Àyà lásán ni yóò gbé ọ dé. Kapitolina ń gbé àpò ọ̀dùnkún dé àyà, ó sì ń ṣòfófó lọ́wọ́ kan náà. Kò sì sí ẹni tó lọ wo bàbá Rodion. O ní ọkùnrin ò pọ̀ nídìí ijó yìí, pé àwọn ọmọbìnrin ló ń tò síwájú rẹ̀ kó mú èyí tó wù ú. Òun tí etí rẹ̀ fẹ̀ báun! Bàbá rẹ̀ pá lórí, mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí orí tirẹ̀ náà bá pá, ṣé kò ní máa tàn sójú àwọn adájọ́ ni?

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí o máa bọ̀ nílé, kí wọ́n máa jó ijó egungun wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹkún yẹn. Nígbà tí bàbá rẹ kú, o kò sun irú rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́. Sọ fún Rimma Genrikhovna pé èmi kọ́ ni mo bí ọ. Sọ pé obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ọrùn rẹ̀ gùn, ló gbé ọ sílẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí mo sì gbé ọ wálé. Màá lọ sí ọ́fíìsì abúlé, wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí i. Kapitolina yóò jẹ́rìí. Ó ti purọ́ lórí ohun tó kéré ju èyí lọ. Mo ti sọ fún ìyá àgbà rẹ. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí a ṣe é kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá ti gbà á gbọ́, má pè mí ní ìyá lórí fóònù níwájú wọn mọ́.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún igi ìdáná. Bí kò bá tó, fi ra ẹran, kí o jẹ ẹ́ níbi tí wọn ò ti ní rí ọ. Kí Ọlọ́run dì ọ́ mú níbi tí ọwọ́ Rodion kò bá ti ká a.

Èmi ni Glafira Savvichna, ẹni tó rí ọ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.