Má Fọ Ẹrẹ̀ Ara Jíìpù

Mujeeb, mo kan ilẹ̀kùn títí, oorun ni. Má gbé jíìpù padà fún mẹkáníìkì mọ́ o! Lóòótọ́, látìgbà tó ti tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì yẹn ṣe, eré tó fi kún un ò tó nǹkan, òun lo ṣe ń fajúro. Agbára tí jíìpù wá fi ń fa nǹkan báyìí ńkọ́? Mọ́tò Bàbá Ọdúnjọ, onílé wa, rì sẹ́rẹ̀ lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí. Mo fi okùn so ó mọ́ jíìpù, mo rọra tẹná báyìí, ó ti jáde! Bàbá ń ṣàdúrà fún ẹ ṣáá. Àwọn ni wọ́n ń gbé mi lọ Ìkátẹ̀, wọ́n ti ń fọn fèrè. Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò.

Má fọ ẹrẹ̀ ara jíìpù o. Gbogbo ẹni tó fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá pé jíìpù ẹ ò lè sáré gbọ́dọ̀ rí i. Èmi tí mo wà lára wọn ti rí tèmi.

Àǹtí ẹ, Rùkáyátù