Gínnì Aláwọ̀ Ewé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Lazare Òkunọlá Moreira (1934–2011)

Ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Lazare Òkunọlá Moreira, ní àdúgbò Dowa, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 1934. Káfíńtà ni Joachim, bàbá wọn. Élisabeth, ìyá wọn, ń ránṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fadá ni wọ́n lọ. Ní 1959 wọ́n gbé Virginie, ìyá wa, níyàwó. Ìró gínnì aláwọ̀ ewé kan wà nínú ẹrù ìdána náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Láti 1957, akọ̀wé ìjọba ni Bàbá. Bírò wọn ló ń fún àwọn aláìní ní ìwé tálákà, kí ọsibítù lè tọ́jú wọn lórí owó ìjọba agbègbè. Bí Bàbá kò bá lu òǹtẹ̀, ìwé náà kò wúlò. Nígbà tí Ìyípadà 1972 dé, tí àwọn ológun gba ìjọba, ọ̀gá tuntun ní bírò kìlọ̀ pé ẹni tó ní lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ rí i gbà. A ò ní torí òkú purọ́: Bàbá le koko.

Ní oṣù kẹta 1973, Idayatou, opó tó ń ta iyọ̀ ní ọjà Ouando, pọn ọmọ rẹ̀ Souaïbou wá. Ọmọ náà kò lè mí dáadáa. Ẹ kúkú mọ̀ wá ní Àjàṣẹ́: a kì í wọ àkísà lọ sí bírò. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tí kò ní, á yá. Gínnì ni Idayatou ró. Bàbá wò ó, wọ́n ní tálákà kì í ró irú èyí.

Ó ní, "Mùsíé, ẹ wo ọmọ, ẹ má wo aṣọ."

Wọ́n ní kó máa lọ.

Lọ́sàn-án, Bàbá ń jẹun, wọ́n ń fi opó ológínnì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wa gbé abọ́ kúrò níwájú wọn. Ìyá wa, oníbàárà rẹ̀ lọ́jà, ló yá a láṣọ: gínnì ìdána tí Bàbá fúnra wọn rà. Wọn ò dá a mọ̀!

Bàbá sáré padà sí bírò, wọ́n ki òǹtẹ̀ bọ àpò, ohun tí òfin kọ̀, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Houinmè, àdúgbò opó náà. Ẹní kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá Idayatou. Orí ìkúnlẹ̀ ni Bàbá ti lu òǹtẹ̀ náà, wọ́n sì bá a gbé ọmọ dé ọsibítù. Nítorí òǹtẹ̀ tó jáde, wọ́n dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà tí wọ́n padà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 1989, wọn ò sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wa, ojú á sì máa tì wọ́n.

Kátólíìkì tọkàntọkàn ni Bàbá, síbẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ pọ̀ ju ìbátan wa lọ.

Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 2011. Wọ́n fi Virginie, ìyá wa, sílẹ̀, àti àwa ọmọ: Claire, Émile àti Gbádébọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Souaïbou, tó ti di bíríkìlà, wà lára àwọn tó gbé pósí. Gínnì tí ìyá rẹ̀ fọ̀ dá padà lọ́jọ́sí ni Ìyá wa ní ká tẹ́ sórí pósí náà.

Bàbá, níbi tí ẹ ń lọ, kí wọ́n wo ọkàn yín, kí wọ́n má wo aṣọ. Ẹ sùn re o.